Jẹjẹrẹ ọmú tí kò ní kókó, àtàwọn oríṣi míì tó ṣọ̀wọ́n

Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, mo gbọ́ ọ ní sọ́ọ̀bù aránṣọ, mo tún gbọ́ ọ nínú vóìsì nóòtì orí WhatsApp. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ni, ọmú ẹ̀ kan ṣàdédé wú, ó le, ó gbóná, wọ́n ṣe sikáànù wọn ò rí kókó kankan, síbẹ̀ dókítà ní òun ń fura sí jẹjẹrẹ, wọ́n gé bíńtín nínú awọ ọmú náà lọ sí láàbù, èsì dé, jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Ariwo wá ta. Àwọn kan ní irọ́ ni, owó ni dókítà ń wá, nígbà tí kò sí kókó, níbo ni jẹjẹrẹ ti fẹ́ wá? Àwọn kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ni.

Mi ò bá wọn wí o. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa lórí rédíò ọjọ́ pẹ́ ni pé ká máa fọwọ́ tẹ ọmú wò bóyá kókó wà níbẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí kókó ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé àwọn obìnrin dé ọsibítù. Àmọ́ wọn kì í sábà fi kún un pé oríṣi kan wà tí kì í mú kókó wá, òmíràn jọ eéwo, òmíràn jọ làpálàpá, ọkùnrin náà sì lè ní in. Àwọn yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, láìlo gírámà dókítà.

Kí ni jẹjẹrẹ gan-an, kí ni wọ́n sì ń pè ní oríṣi tó ṣọ̀wọ́n?

Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa, wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Wọ́n ń bí ara wọn, àwọn tó gbó ń kú, àwọn tuntun ń rọ́pò wọn. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibì kan bá wá ń pọ̀ láìdúró, tí wọn ò kú nígbà tó yẹ kí wọ́n kú, tí wọ́n sì lè kúrò níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí abíyá, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí egungun, ìyẹn ni jẹjẹrẹ.

Inú ọmú kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ibi tí wàrà ti ń jáde wà níbẹ̀, òpó tí wàrà ń gbà kọjá wà níbẹ̀, ọ̀rá wà, ẹran tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀ wà, awọ wà. Ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ìrísí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú òpó wàrà, òun náà ló sábà máa ń hàn bíi kókó.

Ẹ fi wé iṣu. Iṣu funfun, ewùrà, èsúrú, gbogbo ẹ̀ la ń pè ní iṣu, àmọ́ ẹni tó bá da ewùrà sódó pé òun fẹ́ gún iyán, gbogbo ilé ló máa mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lè má ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò yín, tó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n pe méjèèjì.

Tí wọ́n bá ní oríṣi kan ṣọ̀wọ́n, iye èèyàn tó ń ní in ni wọ́n ń sọ, kò túmọ̀ sí pé ó burú ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní mucinous, fún àpẹẹrẹ, ṣọ̀wọ́n, àwọn ìyá àgbà ló sábà máa ń ní in, kì í sì sábà yára rìn. Metaplastic náà ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ìyẹn máa ń yára dàgbà.

Ṣé jẹjẹrẹ lè wà nínú ọmú láìsí kókó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó wà nínú vóìsì nóòtì yẹn gan-an, orúkọ tí wọ́n máa kọ sínú káàdì ni inflammatory breast cancer. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka iye ẹ̀, bíi 1 sí 5 nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ awọ ọmú tó ń fa omi ara lọ sí abíyá. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí kì í sábà kóra jọ síbì kan kó di kókó, àwọn òpó yẹn ló ń kó sí, á dí wọn pa, omi ò ní rí ọ̀nà lọ mọ́, ọmú á wá wú, á wúwo, á máa gbóná, awọ ẹ̀ á nípọn, á ní ihò wẹẹrẹwẹ bíi èèpo ọsàn. Tí ẹ bá yọ kọ́sẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ojú ibi tó ti tẹ ọmú yẹn á jìn, kò sì ní tètè lọ. Orí ọmú lè wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀, ọmú kan á ti tóbi ju ìkejì lọ kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

Ibì kan wà tó máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń ṣàlàyé àrùn yìí ló ń kọ pé awọ ọmú á "pupa". Lára òyìnbó ni wọ́n ti wò ó. Lára ẹni tó dúdú bíi tiwa, ó lè má pupa rárá, ó lè kàn dúdú sí i, tàbí kó ní àwọ̀ bíi ti ara tó farapa, tàbí kí awọ ibẹ̀ kàn máa dán. Tí ẹ bá ń dúró kó pupa kẹ́ ẹ tó lọ sọ́sibítù, ẹ lè dúró títí.

Ohun tó ń mú kí wọ́n ṣì í mú ni pé ó jọ eéwo ọmú. Ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí ọmú ẹ̀ wú tó ń ta á, tí ibà mú un, eéwo tàbí kòkòrò àrùn ló sábà máa ń jẹ́, àǹtíbáyọ́tíìkì sì máa ń kápá ẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ara á ti máa fúyẹ́. Jẹjẹrẹ yìí ò gbọ́ àǹtíbáyọ́tíìkì. Nítorí náà tí obìnrin bá ti lo oògùn bó ṣe yẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 tí ọmú náà ò fà, kí wọ́n má tún kọ àǹtíbáyọ́tíìkì míì fún un, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ibi tó ń dùn mí nìyẹn, torí mo mọ àwọn tó ti kẹ́mísì dé kẹ́mísì, wọ́n gba abẹ́rẹ́ lónìí, wọ́n gba kápúsù lọ́la, wọ́n fi ewé gbígbóná dì í, oṣù mẹ́ta ti lọ. Pé ẹnì kan ń fọ́mọ lọ́mú kò sì ní kó má lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ìdí tí sikáànù ò fi rí kókó ni pé kò sí kókó níbẹ̀ láti rí. Mámógíráàmù, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú, náà lè má rí ju awọ tó nípọn lọ. Sikáànù ṣì wúlò o, ó lè fi hàn bóyá àwọn kókó kéékèèké inú abíyá, àwọn tó wà lára gbogbo èèyàn tó ń sẹ́ omi ara, ti wú, àmọ́ kò lè dá ẹjọ́ yìí. Awọ àti ẹran tí wọ́n bá gé ló máa sọ òótọ́.

Ìtọ́jú ẹ̀ náà ní bó ṣe ń tò, ẹbí sì máa ń bá dókítà jà lórí ẹ̀. Kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ló máa ń kọ́kọ́ ṣíwájú, kì í ṣe ọ̀bẹ. Wọ́n á ní "ẹ gé e kúrò kíá jàre, kí lẹ ń dúró dè?" Ẹ jẹ́ ká wò ó: nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ti tàn ká inú awọ ọmú, tí wọ́n bá kàn gé e, ojú ibi tí wọ́n fẹ́ rán pọ̀ gan-an lè ti ní jẹjẹrẹ nínú, á tún hù jáde níbẹ̀. Kímò á kọ́kọ́ pa á wálẹ̀, wíwú á fà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé gbogbo ọmú náà pẹ̀lú àwọn kókó abíyá, wọ́n á wá fi redíòtẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ, kádìí ẹ̀. Gígé apá kan kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ ò bá irú èyí mu. Nítorí pé ó ti wọ awọ, sítéèjì 3, ìyẹn ìpele kẹta nínú mẹ́rin, ni wọ́n máa ń ka èyí tó kéré jù sí, kódà kó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wá rò pé ẹnì kan ló jókòó tì í nílé fún ọdún mẹ́ta.

Orí ọmú tó ń yún tí kò jinná ńkọ́?

Wọ́n ń pe ìyẹn ní àrùn Paget, orúkọ James Paget, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ nípa ẹ̀ ní 1874. Òun náà ò ju bíi 1 sí 4 nínú 100 lọ.

Orí ọmú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á máa yún, á bó, á yọ èépá, tí èépá yẹn bá ṣí, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á hàn lára bùbá tàbí síngílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé làpálàpá ni, wọ́n á ra kírímù onítúùbù, wọ́n á fi pa á, á fẹ́ jinná, á tún padà. Fífẹ́ tó ń fẹ́ jinná yẹn gan-an ló ń tan èèyàn, torí àwọn kírímù tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú lè mú kí ojú ibẹ̀ rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ nígbà tí àrùn ń lọ nísàlẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa fura? Ẹ̀hún ara lásán sábà máa ń mú ọmú méjèèjì, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyíká dúdú tó yí orí ọmú ká. Paget máa ń wà lára ọmú kan, orí ọmú fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mú kó tó tàn bọ́ sí àyíká dúdú. Kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀ o, àmọ́ tó bá ti lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jinná, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú awọ ibẹ̀ wò. Iṣẹ́ kékeré ni, abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tìpìrì ni wọ́n á fún ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní Paget ló tún ní jẹjẹrẹ míì nísàlẹ̀ nínú ọmú kan náà, kódà tí ọwọ́ ò bá tíì lè bà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ lọ ṣe mámógíráàmù fún gbogbo ọmú náà, ẹ má sọ pé ṣebí orí ọmú nìkan lẹ gbé wá. Ohun tí wọ́n bá rí nísàlẹ̀ ló máa sọ bóyá gbogbo ọmú ni wọ́n á gé, tàbí orí ọmú àti àyíká ẹ̀ nìkan kí redíòtẹ́rápì wá tẹ̀ lé e.

Kókó tó ń yára tóbi ńkọ́?

Kókó wà, kókó sì wà. Èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọge, tó máa ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ ìbátan ẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní phyllodes, kò tó 1 nínú 100 gbogbo kókó ọmú tí wọ́n ń rí, ó jọ ti ọmọge yẹn gan-an, àfi pé ó ń dàgbà kíákíá, ní oṣù díẹ̀ ó lè ti gba gbogbo ọmú. Àwọn obìnrin tó wà ní bí ẹni 40 ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in. Púpọ̀ nínú phyllodes kì í ṣe jẹjẹrẹ, díẹ̀ wà láàárín méjì, díẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ pọ́nńbélé.

Iṣẹ́ abẹ ni oògùn ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e pẹ̀lú ẹran tó dáa díẹ̀ yíká, torí tí wọ́n bá kàn hó o jáde báyẹn, ó máa ń padà. Kímò ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, wọn kì í sì sábà kó kókó abíyá kúrò, torí ẹ̀jẹ̀ ni èyí tó burú nínú ẹ̀ máa ń bá rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n gé kókó fún ní ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n gbé e wá nínú abọ́ kí gbogbo ẹbí lè rí i, àwọn èèyàn ń ṣe háà, wọ́n sì dà á nù. Ọdún kan kọjá, kókó padà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ jẹ́. Kókó yòówù tí wọ́n bá gé lára yín, láàbù ló ń lọ.

Ọkùnrin náà ńkọ́?

Ọkùnrin ní ẹran ọmú, ó kàn kéré ni. Nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú, bí ẹyọ kan ló máa ń jẹ́ ti ọkùnrin. Kókó líle lẹ́yìn orí ọmú ni, kì í sábà dunni, orí ọmú lè wọlé tàbí kó dégbò. Ó yàtọ̀ sí kí ọmú ọkùnrin kàn tóbi, tó sábà máa ń rọ̀, tó lè jẹ́ méjèèjì, tí oògùn kan tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ lè fà.

Ohun tó ń pa àwọn bàbá lára jù ni ìtìjú. Wọ́n ò fẹ́ sọ fún ìyàwó, wọ́n ò fẹ́ jókòó láàárín àwọn obìnrin ní kílíníìkì ọmú. Bẹ́ẹ̀ rèé, púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ọmú ọkùnrin ló máa ń gbọ́ tamoxifen, oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́. Tí ọkùnrin kan bá ní in, kó sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, torí ó lè jẹ́ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, èyí tí wọ́n ń pè ní BRCA2 ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ ọn jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó jẹ́?

Baòpísì ni, ìyẹn gígé díẹ̀ nínú ẹran náà lọ yẹ̀ wò. L'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ọsibítù LAUTECH àti ti Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, tó ti wà láti 1907, ni àwọn èèyàn sábà máa ń lọ.

Ẹ̀ẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi sípíríìtì nu ibẹ̀, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ kó lè kú tìpìrì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹran náà ní sípíríìnì nínú, ó máa ń dún "ká!", dókítà tó bá mọṣẹ́ á ti jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìró ẹ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ má baà ta gìrì. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sẹ̀ntímítà kan àbọ̀ ló máa bá a jáde, wọ́n á mú mélòó kan. Inú ìgò tó ní fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni wọ́n ń kó o sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹbí aláìsàn ni wọ́n máa ń kó ìgò yẹn lé lọ́wọ́ kó gbé e lọ sí láàbù, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí orúkọ wà lára ìgò fúnra ẹ̀, kó má jẹ́ lórí ìdérí nìkan, kí omi inú ẹ̀ bo ẹran náà dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má da omi lásán sí i, ẹ má sì gbé e sínú fíríìjì ilé de ọjọ́ tí owó á yọjú.

Ní láàbù wọ́n á rì í sínú ìda, ìda náà á le, wọ́n á wá bẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju pépà lọ, wọ́n á pa á láró, dókítà láàbù á fi maikirosikóòpù wò ó. Ìdí nìyẹn tí èsì ò fi lè jáde lọ́jọ́ kan. Ìda yẹn ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù, iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì tán o.

Wọ́n máa ń sọ pé tí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ó máa tàn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá, àrùn ti rìn jìnnà lára wọn kí wọ́n tó gé wọn, nígbà tí wọ́n wá kú, ọ̀bẹ ló jẹ̀bi. Baòpísì kọ́ ló ń tàn án kiri.

Kí ni ER, PR àti HER2 tó wà lórí pépà?

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ orúkọ jẹjẹrẹ, wọ́n á tún fi búlọ́ọ̀kù yẹn ṣe àyẹ̀wò míì láti mọ ohun tó ń bọ́ ọ. ER àti PR ń sọ bóyá họ́mọ̀nù obìnrin ló ń mú un dàgbà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn oògùn bíi tamoxifen lè dí i lọ́nà, ó kéré tán fún ọdún 5. HER2 jẹ́ nǹkan kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ fún un pé kó máa pọ̀ sí i, tó bá pọ̀ jù, oògùn tí wọ́n ń pè ní trastuzumab ló ń kojú ẹ̀. Láti 1998 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, dírípù ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan, owó ẹ̀ sì wọ́n gan-an.

Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, triple negative ni wọ́n máa kọ. Ìyẹn ò ṣọ̀wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó pọ̀ láàárín wa ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Oògùn họ́mọ̀nù ò ní ràn án, kímò ni wọ́n máa gbára lé jù. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń ra tamoxifen nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè máa fowó ṣòfò, kó tún fi àkókò ṣòfò, èyí tó burú ju owó lọ.

Owó àyẹ̀wò yìí máa ń yàtọ̀ sí ti baòpísì, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ìlú míì, àwọn kan á ní "ṣebí a ti sanwó àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀." Ẹ san án. Láìsí i, oògùn tí dókítà bá kọ, ó ń méfò ni.

Níbo ni ìtọ́jú ti ń pọ̀ ju agbára ìlú wa lọ?

Redíòtẹ́rápì ni. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá kọ ọ́ fún níbí, UCH n'Íbàdàn ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Kì í ṣe ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ojoojúmọ́ ni, Monday sí Friday, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ. Owó mọ́tò àti ibi tí wọ́n máa sùn ló sábà máa ń dá àwọn èèyàn padà, nítorí náà kí ẹbí ti máa wá ẹni tó lè gbà wọ́n sílé n'Íbàdàn látìgbà tí kímò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn social worker ọsibítù bóyá ìrànlọ́wọ́ kankan wà.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé rìsọ́ọ̀tù ojúlówó dání, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé, kẹ́ ẹ sì mọ nọ́ńbà tí láàbù kọ sára búlọ́ọ̀kù yín, torí tí wọ́n bá fẹ́ tún un wò n'Íbàdàn, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi wá a, kò sì ní sí pé wọ́n tún ń gé yín lẹ́ẹ̀kejì.